Àwòrán tó ń rìn lórí ìkànnì: ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó sanwó

Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ̀ pé ojú ni oníbàárà kọ́kọ́ fi ń rajà. Ìdí nìyí tí aláṣọ fi ń ta aṣọ rẹ̀ sórí okùn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ, tí oníbúrẹ́dì inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì fi ń gbé ọjà rẹ̀ sókè-sódò lójú fèrèsé ọkọ̀. Ohun tó ń mira a máa fa ojú ju ohun tó dúró sójú kan lọ. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì ń tà fún àwọn oníṣòwò: wọ́n á ní kí àmì ìdánimọ̀ iléeṣẹ́ máa pòòyì, kí orúkọ ọjà máa fò wọlé láti apá ọ̀tún, kí àwòrán máa gba ipò ara wọn lójú ewé àkọ́kọ́. Oníṣòwò á wò ó, inú rẹ̀ á dùn, á sì sanwó.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wọn kì í bèèrè ni pé, kí ni àwòrán tó ń rìn yìí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní animation, yóò ṣe fún oníbàárà? Owó ńlá ti ṣègbé nítorí pé wọn kò bèèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ lè ṣe àwòrán kékeré kan tí yóò bá a tajà, láìná kọ́bọ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà tó fi ṣe é. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bí èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Boo.com fi ojú rí

Boo.com jẹ́ ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta aṣọ ìgbàlódé àti aṣọ eré ìdárayá. Àwọn ọmọ Sweden mẹ́ta, Ernst Malmsten, Kajsa Leander àti Patrik Hedelin, ló dá a sílẹ̀, ìlú London sì ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Oṣù kọkànlá ọdún 1999 ni wọ́n ṣí i fún oníbàárà, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún ọjọ́ ìṣílé náà síwájú. Ẹwà kún orí ìkànnì yìí lóòótọ́. Oníbàárà lè yí bàtà tàbí aṣọ kó lè rí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọbìnrin orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní Miss Boo sì wà níbẹ̀ tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé lásìkò náà, okùn tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó yára jù nínú irú rẹ̀ kò lè gbé ju kílóbíìtì 56 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi kílóbáìtì 7. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ojú ewé tó bá wúwo tó kílóbáìtì 300 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 43 kó tó ṣí tán. Oníbàárà tó fẹ́ ra bàtà kan ṣoṣo ní láti jókòó ti ojú ewé kan, kó tún wá jókòó ti òmíràn. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Apple kò tilẹ̀ rí ọ̀nà wọlé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2000, Boo.com kógbá sílé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 135 dọ́là tí àwọn olùdókòwò kó jọ ló ti wọgbó.

Kì í ṣe àwòrán nìkan ló pa iléeṣẹ́ náà. Ìnákúnàá wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ máa tajà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kan oníṣòwò kékeré ni pé ohun ẹ̀ṣọ́ dí oníbàárà lọ́nà ibi tó ń lọ. Ó wá ra bàtà, wọ́n ní kó kọ́kọ́ wòran. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ayé ìgbà náà ti kọjá, pé fóònù òde òní yára. Òótọ́ ni pé ó yára, àmọ́ ta ló ń sanwó rẹ̀? Ọ̀pọ̀ oníbàárà lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójútó ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, àfikún náà sì lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ojú ewé àkọ́kọ́ bá wúwo tó mẹ́gábáìtì 10, èèyàn 100 tó bá yà síbẹ̀ ti jẹ gígábáìtì 1 láàárín ara wọn kí wọ́n tó rí iye tí wọ́n ń ta ọjà. Owó oníbàárà ni oníṣòwò ń ná níbẹ̀ láìtọrọ àyè.

Iṣẹ́ mẹ́ta tó yẹ àwòrán tó ń rìn

Bí a bá da ẹ̀ṣọ́ lásán sápá kan, iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣẹ́ kù tí àwòrán tó ń rìn lè ṣe fún oníṣòwò.

Àkọ́kọ́ ni pé ó lè fi ọkàn oníbàárà balẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì ìsanwó, tí ohunkóhun kò sì yí padà lójú fóònù rẹ̀, ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò tún un tẹ̀. Báyìí ni owó ọjà kan ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, tí ariwo àti wàhálà ìdápadà owó á sì tẹ̀ lé e. Àmì róbótó kékeré kan tó ń yí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ti tó láti dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àmọ́ kí oníṣẹ́ má ṣe fi mọ síbẹ̀. Kó tún ṣe bọ́tìnì náà kó má gba títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́ títí èsì yóò fi dé.

Èkejì ni pé ó lè ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ máa pẹ́ kó tó ṣàlàyé tán. Bí wọ́n ṣe ń we gèlè, bí omi ṣe ń gba inú asẹ́ kọjá tó fi ń mọ́, bí wọ́n ṣe ń to bẹ́ẹ̀dì onígi tó wá ní ẹyọ ẹyọ, gbogbo èyí ni èèyàn lè fi àwòrán ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ṣàlàyé yékéyéké.

Ẹ̀kẹta ni pé ó lè fi ìyípadà han oníbàárà. Bó bá mú ọjà kan, àwòrán ọjà náà á rọra wọ inú apẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára apẹ̀rẹ̀ á sì kúrò ní 1 bọ́ sí 2. Oníbàárà á mọ̀ pé ohun tí òun mú ti wọlé. Irú èyí kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, nítorí ẹni tó fẹ́ mú ọjà mẹ́wàá yóò rí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ní ti àwòrán aláyìípo tó gbajúmọ̀ lójú ewé àkọ́kọ́, èyí tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn máa ń gba ipò ara wọn, ìwádìí kò gbè é. Ní ọdún 2013, òṣìṣẹ́ kan ní Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà gbé iye ìgbà tí àwọn èèyàn tẹ irú rẹ̀ lórí ìkànnì yunifásítì náà jáde. Nínú èèyàn 100 tó yà síbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan péré ló tẹ̀ ẹ́. Àwòrán àkọ́kọ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sí àwòrán kẹta àti ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọjà tí wọ́n pa tẹ́ sẹ́yìn ilé.

Bí àwòrán ṣe ń rìn

Àwòrán tó ń rìn kò rìn rárá, ojú ló ń tan ènìyàn. Àwọn àwòrán púpọ̀ tí ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ wà láàárín wọn ló ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Nínú fíìmù sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ìkànnì, 12 lè tó fún àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Èyí já sí pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yóò gba àwòrán 48.

Láyé àtijọ́, ayàwòrán ní láti ya wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ètò kọ̀ǹpútà ti gba ìyà jẹ ni pé, oníṣẹ́ yóò ya àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ètò náà á sì fúnra rẹ̀ ya àwọn tó wà láàárín. Bó bá gbé àpótí sápá òsì ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, tó sì gbé e sápá ọ̀tún ní ìṣẹ́jú àáyá kejì, kọ̀ǹpútà ni yóò gbé àpótí náà rìn láti ọ̀hún wá síhìn-ín.

Ibi tí owó wà ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú iṣẹ́ náà bó bá parí, nítorí òun ló ń sọ bí yóò ṣe wúwo tó. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kìn-ín-ní dà bí ìgbà tí èèyàn kó fọ́tò 48 sínú àpò tó gbé e ránṣẹ́. Ìkejì dà bí ìgbà tí èèyàn fi ìwọ̀n aṣọ nìkan ránṣẹ́ sí télọ̀, tí télọ̀ wá rán aṣọ náà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹrù ìwọ̀n fúyẹ́ púpọ̀ ju ẹrù fọ́tò lọ.

GIF wà lára ọ̀nà kìn-ín-ní. Iléeṣẹ́ CompuServe ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1987. Kò lè lò ju àwọ̀ 256 lọ nínú àwòrán kan, nítorí náà, ó dára fún àmì kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fọ́tò sí i, yóò wúwo, ojú rẹ̀ kò sì ní í mọ́. Vídíò MP4 náà ń kó àwòrán ránṣẹ́, àmọ́ ó mọ bí a ṣe ń di ẹrù ju GIF lọ. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fi kámẹ́rà yà ni, fídíò kúkúrú tí kò ní ohùn ló máa ń fúyẹ́ jù.

SVG àti Lottie wà lára ọ̀nà kejì. SVG jẹ́ ìlànà tí àjọ W3C, tó ń ṣètò ìlànà ìtàkùn ayélujára, fọwọ́ sí lọ́dún 2001. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ títí tó fi tó pátákó ìpolówó, ojú rẹ̀ kò ní í bàjẹ́. Lottie ní tirẹ̀, iléeṣẹ́ Airbnb ló gbé e jáde fún gbogbo ayé lọ́dún 2017. Wọ́n fi sọrí Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì tó fi pépà tí wọ́n fi sáàsì gé ṣe fíìmù ní ọdún 1926. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, bó bá jẹ́ pé kí bọ́tìnì yí àwọ̀ padà tàbí kí àpótí kan rọra ṣí ni oníṣòwò ń fẹ́, kò nílò fáìlì kankan. Ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú CSS, èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìkànnì lọ́ṣọ̀ọ́, ti ṣe é.

Igbá Flash tó parun

Àwọn àgbà ní, onírèsé kọ̀ kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè parun, Flash sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ọdún 1996 ni iléeṣẹ́ FutureWave gbé ètò kan tó ń jẹ́ FutureSplash Animator jáde. Kí ọdún náà tó parí, Macromedia ti rà á, ó sì sọ ọ́ di Flash. Adobe wá ra Macromedia lọ́dún 2005. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, bí èèyàn bá sọ pé òun fẹ́ àwòrán tó ń rìn lórí ìkànnì, Flash ló ń sọ. Àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ fi Flash ṣe gbogbo ìkànnì wọn látòkè délẹ̀, tó fi mọ́ àdírẹ́sì, iye owó àti nọ́ńbà fóònù.

Nígbà tí iPhone dé lọ́dún 2007, kò gba Flash wọlé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2010, Steve Jobs tó jẹ́ olórí Apple kọ lẹ́tà ìta gbangba láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ó ní ó ń jẹ bátìrì, àwọn ọ̀tá lè gba inú rẹ̀ wọlé, wọn kò sì ṣe é fún fóònù tó jẹ́ pé ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2017, Adobe kéde pé òun yóò fòpin sí i. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìtọ́jú rẹ̀ dópin, láti ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni ètò tó ń gbé e jáde sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí i.

Kì í ṣe oníṣòwò kékeré nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá lójijì. SARS, àjọ tó ń gba owó orí ní South Africa, ní àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi Flash ṣe. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 yẹn, àjọ náà ní láti gbé bíráósà tirẹ̀ jáde, ìyẹn ètò tí èèyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn èèyàn lè máa rí fọ́ọ̀mù náà kún. Ìjọba ní agbára láti ṣe irú èyí. Ẹni tó ń ta bàtà kò ní in. Tirẹ̀ ni pé ojú ewé rẹ̀ á di òfìfo lọ́jọ́ kan, oníbàárà á sì rò pé ó ti fi òwò sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ méjì. Kí oníṣòwò fi ìlànà tí gbogbo bíráósà mọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó má ṣe so ó mọ́ ọjà iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Lọ́nà kejì, orúkọ iléeṣẹ́, iye owó, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù kò gbọdọ̀ wà nínú àwòrán tó ń rìn nìkan. Kí wọ́n wà ní ọ̀rọ̀ gidi lójú ewé, níbi tí oníbàárà ti lè dà á kọ, tí Google náà sì ti lè rí i kà.

Àwọn ètò tí kò gba kọ́bọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe láìra ètò olówó ńlá, àwọn mìíràn sì ń lo ayédèrú tó ń kó àrùn bá kọ̀ǹpútà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Inkscape wà fún yíya àwòrán SVG. GIMP wà fún títún fọ́tò ṣe àti fún ṣíṣe GIF. Synfig Studio wà fún mímú àwòrán rìn. OpenToonz náà wà, èyí tí wọ́n sọ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2016, tó sì jẹ́ pé láti ara ètò tí iléeṣẹ́ fíìmù Studio Ghibli ní Japan ń lò ni wọ́n ti mú un jáde. Blender sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọjà rẹ̀ máa yí kí wọ́n lè rí gbogbo ìhà rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè pe àwọn ètò wọ̀nyí ní ohun ìṣeré ọmọdé. Fíìmù Flow, tí Gints Zilbalodis ará Latvia darí, gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù aláwòrán tó dára jù ní oṣù kẹta ọdún 2025. Blender ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò ni àkókò: kó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ọ, tàbí kó ní ọmọọṣẹ́ kan tí yóò kọ́ ọ.

Àpẹẹrẹ: aládìrẹ ní Ìtòkú

Ká gbà pé obìnrin kan ń ta àdìrẹ oníko ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ó sì ní ìkànnì tí àwọn ará ìlú òkèèrè fi ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Wàhálà tó ń bá a fínra ni pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí àdìrẹ pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti aṣọ aláró tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Ẹni tó wà lókè òkun kò mọ ìyàtọ̀. Iye owó nìkan ló ń rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe kì í ṣe láti ṣí kọ̀ǹpútà. Yóò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀, ìyẹn ohun tó fẹ́ kí oníbàárà mọ̀: “Ọwọ́ ni wọ́n fi di aṣọ yìí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró.” Bí gbólóhùn náà bá ti di méjì, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún àwòrán kan.

Lẹ́yìn náà, yóò ya àwòrán mẹ́rin sórí ìwé: aṣọ funfun, aṣọ tí wọ́n ti fi ìko di, aṣọ náà nínú ìkòkò aró, àti aṣọ tí wọ́n tú tí àmì róbótó-róbótó wá hàn lára rẹ̀. Kò pọn dandan kó mọ àwòrán yà dáadáa. Kí ó ṣáà ti yé ọmọdé.

Èyí tó kàn ni kí ó tún wọn yà nínú Inkscape, kí aṣọ, ìko, ìkòkò àti aró wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀ kò ṣeé mú rìn. Yóò wá kó wọn sínú Synfig. Yóò fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ètò náà ya àwọn tó wà láàárín. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Bó bá ti dára, yóò gbé e jáde bíi vídíò, yóò sì wo bó ṣe wúwo sí. Kílóbáìtì 300 jẹ́ òdiwọ̀n tó bójú mu fún irú nǹkan báyìí. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, kí ó dín àwọ̀ kù, tàbí kí ó dín iye àwòrán inú ìṣẹ́jú àáyá kan kù. Ẹ̀gbẹ́ iye owó ọjà ni kí ó gbé e sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ìkànnì. Kí àwòrán kan tó dúró wà níbẹ̀ kí vídíò tó dé, kí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ ló máa rìn, lẹ́ẹ̀kan, kó dúró sórí aṣọ tó ti parí.

Ìdánwò ló kẹ́yìn. Kí ó má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì dán an wò. Fóònù tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni kí ó lò, pẹ̀lú dátà, nínú oòrùn ọ̀sán. Kí ó fún ẹni tí kò mọ nǹkan nípa àdìrẹ wò, kó sì bi í pé kí ló rí. Bí onítọ̀hún kò bá sọ ohun tó jọ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, iṣẹ́ ò tíì parí. Kí ó wá ka iye èèyàn tó bèèrè ọjà ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Iye yìí ni yóò sọ bóyá àwòrán náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìyìn àwọn ọ̀rẹ́.

Ohun tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá

Àwòrán tó ń ṣẹ́jú pìrìpìrì kì í ṣe ohun eré. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1997, wọ́n ṣàfihàn eré Pokémon kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan, níbi tí iná pupa àti búlúù ti ń gba ipò ara wọn lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn lé ní 600, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn ní gìrì. Àwọn tó ní irú wárápá kan wà tí iná tó ń ṣẹ́jú lè gbé dìde.

Nítorí èyí, ìlànà tí àjọ W3C gbé jáde lọ́dún 2008 sọ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tún sọ pé ohun tó bá ń mira fúnra rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí èèyàn ń kà gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí oníbàárà lè gbà dá a dúró. Yàtọ̀ sí èyí, fóònù òde òní ní ibi tí ẹni tí ìmira máa ń kọ́ lójú lè ti sọ pé òun kò fẹ́ ẹ. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè ṣe ìkànnì kó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló gbà.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Oníṣòwò tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ sanwó kó tó gbọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún. Iṣẹ́ wo ni àwòrán yìí ń ṣe fún oníbàárà? Kílóbáìtì mélòó ló jẹ́? Kí ni oníbàárà yóò rí bí kò bá ṣí? Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a dúró? Ìkárùn-ún ni èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: ta ni fáìlì ìpilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Fáìlì ìpilẹ̀ ni èyí tí èèyàn lè ṣí padà kó tún un ṣe, bíi .svg ti Inkscape, .sif ti Synfig tàbí .blend ti Blender. Ẹni tí wọ́n fún ní fídíò tó ti parí nìkan kò lè yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà fóònù bá yí padà, tàbí tí oníṣẹ́ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó tuntun. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé fáìlì ìpilẹ̀ jẹ́ ti oníṣòwò, àti pé wọ́n á kó o fún un kí owó ìkẹyìn tó jáde. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwòrán àti orin tí wọ́n lò kì í ṣe ti ẹlòmíràn tí wọ́n jí mú.

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ “kó lè dára lójú ni,” kí oníṣòwò fi owó náà ya fọ́tò ọjà rẹ̀ dáadáa. Fọ́tò tó mọ́, iye owó tó hàn kedere àti nọ́ńbà tí wọ́n máa gbé ti ta ọjà púpọ̀ ju àmì tó ń pòòyì lọ.